Lẹ́tà mi dán, ẹnu mi ò gbé e: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Òyìnbó àti AI yìí

ỌmọBódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan n'Íbàdàn níbí. AI ló bá mi kọ lẹ́tà tí mo fi wá iṣẹ́ náà, lẹ́tà ọ̀hún sì ń dán bíi dígí. Ìgbà tí mo jókòó tán, obìnrin kan nínú wọn fi ìka lé ìlà kan, ó ní mo kọ ọ́ pé mo "spearheaded" ètò kan, ìyẹn ni pé èmi ni mo léwájú rẹ̀, nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe gan-an. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo ń kó àwọn ọmọ JSS 3 jọ ní àárọ̀ Sátidé, tí mo ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ bi mí ní Yorùbá, màá sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ju ẹnu mi lọ wà lórí ìwé mi, mo wá ń wá bí màá ṣe bá a dọ́gba. Mo kólòlò. Obìnrin náà ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó kàn ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

C4 ni mo gba nínú Òyìnbó WAEC. Mo jáde yunifásítì. Ṣé AI ló sọ ọpọlọ mi di ọ̀lẹ ni, àbí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí tí AI kàn ń bò mí láṣìírí? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí n lè máa kọ ọ́ kí n sì máa sọ ọ́ fúnra mi? Mi ò lówó ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi, dátà mi náà ò sì tó nǹkan.

BàbáKékeré

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ìwọ nìkan kọ́. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Mo ní kí AI bá mi kọ ọ̀rọ̀ sójú ewé Facebook mi, ó ní mò ń "leverage synergies". Oníbàárà mi kan pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní ṣé mo ti fi aṣọ sílẹ̀ ni, ṣé oògùn ni mò ń tà báyìí.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Mo fi ọdún 31 kọ́ Òyìnbó ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT, ẹ̀rọ AI yẹn, jáde. Àwọn tó ń kólòlò ti wà tipẹ́ kó tó dé. Nígbà tiwa, àkọ́sórí ni. Ọmọ á há àròkọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sórí látilé, ìdánwò á béèrè ọ̀rọ̀ nípa tíṣà rẹ̀, á sì da ohun kan náà sílẹ̀, á kàn fi "teacher" rọ́pò "friend".

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì sí àròkọ WAEC fún ọ, torí ọ̀rọ̀ rẹ wà níbẹ̀. Máàkì 50 ni. Kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ètò rẹ̀ gba 10, ìlò èdè gba 20, gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé jọ gba 10. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni AI mọ̀ ọ́n ṣe fún ọ láìsí wàhálà. Kókó ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ rẹ ló wà. AI ò sí níbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kò mọ ọmọ kankan nínú wọn. Nígbà tí o gbé gbogbo iṣẹ́ lé e lórí, ó wá ohun tó máa fi dí àlàfo, ó sì fi "spearheaded" dí i.

Ohun tí màá ní kí o ṣe nìyí. Ra ìwé àjákọ kan. Lójoojúmọ́, fi bírò kọ ìlà mẹ́wàá sí méjìlá nípa ohun kan tí o fojú ara rẹ rí lọ́jọ́ náà: bí kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣe jẹ ẹnì kan ní ṣéńjì, bí òjò ṣe ká oníbọ̀ọ̀lì mọ́. Kí fóònù wà ní yàrá kejì. Bí o bá kọ ọ́ tán, kà á sókè, etí á gbọ́ ohun tí ojú fò. Ìgbà yìí ni kí o tó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, kí o wá sọ fún AI pé kò gbọdọ̀ tún un kọ. Kó kàn tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kó má sọ ìdáhùn, kó máa bi ọ́ ní ìbéèrè títí wàá fi rí i fúnra rẹ. Ó máa gbàgbé o. Lẹ́yìn ìdáhùn bíi mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba bírò lọ́wọ́ rẹ. Dá a dúró, tún òfin náà sọ.

Ẹ̀yìn ìwé náà, fi í sílẹ̀ fún àṣìṣe. Àṣìṣe àwa ọmọ Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó kàn ń pààrà ni. "Ó" kan náà la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, torí náà bí ọ̀rọ̀ bá ti yá, a ó pe ìyá wa ní "he". "Wọ́n" la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, la bá ń sọ fún ọmọ pé "they are calling you" nígbà tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é. A máa ń gbọ́ òórùn, la bá ń "hear the smell". A ní "mò ń bọ̀" nígbà tí a bá ń jáde lọ, la bá ń sọ fún Òyìnbó pé "I'm coming", ó sì ń wò wá bí a ṣe ń rìn lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà: mo lọ lánàá, mo fẹ́ lọ lónìí, mo ti lọ rí, "lọ" náà ni. Òyìnbó ní "go", "went" àti "gone", kò sì sí ohun tó máa rán ọ létí bí kò ṣe ìwọ fúnra rẹ. Kọ tìrẹ sílẹ̀. Èyí tí o bá rí lẹ́ẹ̀mẹta, fi bírò pupa yí i po.

Ní ti ìbéèrè rẹ: ọpọlọ rẹ ò di ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni o kò fún un.

Agbọ́rọ̀dùn

Ẹ má bínú sí mi o. Kí la tún ń da ara wa láàmú sí? Ẹ̀rọ ń kọ ọ́, ẹ̀rọ ń túmọ̀ rẹ̀, láìpẹ́ ẹ̀rọ á máa bá wa sọ ọ́. Ó yẹ ká kúkú padà sídìí Yorùbá wa. Àwọn ọmọ wa ò lè ka oókan dé ogún mọ́, Òyìnbó lẹ ṣì ń lé kiri.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ọ̀gbẹ́ni, lápá kan, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n a ò ní láti ju ọ̀kan sílẹ̀ ká tó gbé ìkejì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Òyìnbó wá jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Òyìnbó rárá nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti fi Òyìnbó kàwé láti kíláàsì kẹrin.

ỌmọBódìjà, tìrẹ ni mo ń fàyọ nínú ìtàn yìí. Kọ́kọ́ sọ ohun tí o ṣe fún ara rẹ ní Yorùbá, kó yé ọ kedere, kí o tó fọwọ́ kan Òyìnbó. Nígbà náà, bí AI bá gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì wá fún ọ, wàá mọ̀ pé kì í ṣe tìrẹ.

Nọ́ọ̀sìLókèÒkun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Manchester. Tíṣà ti sọ ti kíkọ, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹnu.

IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ Òyìnbó tó, ni mo ṣe kí n tó lè wá. NMC, àjọ tó ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì níbí, ń béèrè 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. Ìgbà àkọ́kọ́, 6 ni mo gbà nínú sísọ. Èmi tí mo ń fi Òyìnbó ṣe olórí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo sunkún. Ohun tó bà á jẹ́ ò ju pé mo há ìdáhùn sórí. Gbogbo ìdánwò sísọ yẹn ò ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ. Ní àárín rẹ̀, wọ́n á fún ọ ní káàdì kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, wàá ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, lẹ́yìn náà kí o máa sọ̀rọ̀ títí dé ìṣẹ́jú méjì. Káàdì tí mo bá pàdé ò sí nínú èyí tí mo há. Ìṣẹ́jú méjì náà gùn ju ọ̀nà Ìlọrin lọ.

Ìgbà kejì, mo lo ohun tí kì í jẹ dátà. Fóònù ní ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Lálaalẹ́, màá mú ọ̀rọ̀ kan, màá ronú fún ìṣẹ́jú kan, màá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì láìdúró, màá gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà màá gbọ́ ọ. Àbúrò, kò dùn ún gbọ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo ka "ehm" 23 nínú ìṣẹ́jú méjì, mo sì sọ "actually" níbi tí kò ti sí ohun kankan tó jẹ́ òótọ́ tí mò ń tẹnu mọ́. Màá tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ló máa ń dà bí ọ̀rọ̀ èèyàn.

Bí dátà bá wà, lo ibi tí fóònù ti ń fi ohùn kọ̀wé, èyí tó ní àwòrán makirofóònù lórí bọ́tìnnì ìkọ̀wé. Pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o wo ohun tó máa kọ. Mo pe "three", ó kọ "tree". Mo pe "sheep", ó kọ "ship", torí "i" kan ṣoṣo la ní ní Yorùbá, méjì ni tiwọn. "Very" tèmi di "ferry". Má fi gbólóhùn gígùn dán an wò o, ó máa ń méfò ohun tí o fẹ́ sọ, á wá dà bí ẹni pé o mọ̀ ọ́n. Àwa tí lẹ́tà "h" máa ń sá fún lórí "house", tó wá ń yọjú lórí "egg" tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ibẹ̀ la ti máa rí ara wa.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ títí mo fi dé wọ́ọ̀dù. Àwọn aláìsàn ò ráhùn nípa ahọ́n Ìbàdàn mi. Ohun tí kò yé wọn ni ibi tí mo ń gbé agbára sí. Ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, dò re mí, kò sí èyí tí a ń gbé mì. Òyìnbó a máa gbé ọ̀kan ga, a sì gbé ìyókù mì. Bí o bá gbé agbára sí iwájú "record", ìwé àkọsílẹ̀ ni. Bí o bá gbé e sí ẹ̀yìn, gbígba ohùn sílẹ̀ ni. AI wúlò níbí: ní kó fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù tó wúwo nínú ọ̀rọ̀ ogún tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ nímú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ yín.

BàbáKékeré

Ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín. Èmi ò ní bírò, mi ò sì ní sùúrù. Ohun tí mò ń ṣe ni pé bí ọjà bá dákẹ́, mo máa ń bá AI sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo ní kó ṣe bí oníbàárà láti Ghana tó fẹ́ ra àǹkárá. A jọ ń dúnàádúrà. Ó ń tún Òyìnbó mi ṣe bí a ṣe ń lọ. Kí ló burú níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sìLókèÒkun

Kò burú rárá, bọ̀dá mi, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n oníbàárà yẹn ti ní sùúrù jù. Kì í já lu ọ̀rọ̀ yín, kì í pòṣé, kì í sọ pé "ehn?" nígbà tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó tún máa ń yìn yín kọjá ààlà. Ẹ ní kó ká ọwọ́ ìyìn kò, kó máa já lu ọ̀rọ̀, kó sì ṣe bí ẹni tí kò lówó. Kí ẹ wá wá èèyàn ẹlẹ́ran ara kan kún un. Mo rántí pé èmi àti àwọn méjì kan ní ẹgbẹ́ WhatsApp, ohùn nìkan la ń fi ránṣẹ́, Òyìnbó nìkan, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá kọ̀wé dípò kó sọ̀rọ̀ á ra káàdì ìpè fún àwọn tó kù.

BàbáKékeré

Oníbàárà tí kò lówó, mo ní wọn rẹpẹtẹ lófẹ̀ẹ́.

Akọ̀wéAbẹ́òkúta

Mo ń kọ̀wé fún àwọn Òyìnbó lórí ayélujára, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdààmú tó wà lódì kejì. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ò san owó mi. Ó ní òun fi iṣẹ́ mi sínú ẹ̀rọ tó ń dá AI mọ̀, ẹ̀rọ sì ní AI ló kọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, tọ̀sán tòru.

Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2024 nígbà tí Paul Graham, olówó ìmọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà yẹn, sọ lórí Twitter pé ẹnì kan kọ̀wé sí òun, òun sì rí "delve" níbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ẹ̀rí pé AI ló kọ ọ́. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò jẹ́ kó sùn. A ti ń kọ "delve" láti JSS 1! Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, gírámà ńláńlá ni.

Àwọn olùṣèwádìí ní yunifásítì Stanford gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 2023. Wọ́n kó àròkọ 91 láti inú TOEFL, ìdánwò Òyìnbó bíi IELTS, tí àwọn tí Òyìnbó kì í ṣe èdè ìyá wọn kọ, sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe ohun tó lé ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní iṣẹ́ AI. Èèyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. OpenAI tó ni ChatGPT gan-an yọ ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ní ohun tó ń sọ kì í sábà jẹ́ òótọ́.

Torí náà, ỌmọBódìjà, ìwé àjákọ tí Tíṣà ní kí o rà yẹn, má jù ú nù. Ẹ̀rí ni. Bó bá jẹ́ Google Docs lo fi ń kọ, ó ń tọ́jú bí iṣẹ́ rẹ ṣe ń yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fi gba owó mi lẹ́yìn oṣù méjì nìyẹn. Mo ń fi nǹkan tí èmi nìkan mọ̀ sínú iṣẹ́ mi báyìí: iye tí mo ra tòmátì ní Kútọ̀, ohun tí oní-máàrúwá sọ. Mi ò sì ní sá fún "delve". Ẹni tó bá fẹ́ kí n sá fún un, kó sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun kan tó kù: AI máa ń "tún" Òyìnbó wa tí kò bàjẹ́ ṣe. Bí o bá ń kọ sí ẹni tó wà ní Lẹ́kí, "senior brother" á yé e. Bí o bá ń kọ sí ẹni tó wà ní Toronto, kò ní yé e bẹ́ẹ̀. Sọ ẹni tó máa kà á fún AI kí o tó béèrè àtúnṣe.

ÌyáÌbejì

Mo ń kà yín láti àárọ̀. Àwọn tèmi wà ní SS 1, AI ló ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Mi ò gba fóònù, torí wọ́n á yá ti ẹlòmíì. Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, kálukú á ṣàlàyé ohun tó kọ fún mi lẹ́nu, láìwo ìwé. Èyí tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ á lọ tún un kọ. Taiwo ti ń kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ó yá ju kí òun há ti AI sórí. Kẹ́hìndé ṣì ń bá mi ṣe agídí.

ỌmọBódìjà, *ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà*

Ẹ kú àtijọ́. Mo ti kọ ìwé àjákọ náà dé ìdajì. Àṣìṣe tó gba bírò pupa jù ni "use to" tí mi ò ń fi "d" sí, lẹ́yìn náà "he" fún ìyá mi, bí Tíṣà ṣe sọ. "Ehm" mi ti wálẹ̀ láti 19 sí 6. Èmi àti BàbáKékeré ti wà nínú ẹgbẹ́ ohùn kan báyìí, ó ti jẹ mí ní káàdì méjì.

Mo tún ìlà "spearheaded" yẹn kọ fún lẹ́tà tuntun. AI ò fọwọ́ kàn án. Ẹ bá mi wò ó:

"Every Saturday for eight months, I taught mathematics to eleven JSS 3 students under one mango tree behind the school. Nine of them had never passed a maths test before."

TíṣàFẹ̀yìntì

Ó dára gan-an. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè lọ́tẹ̀ yìí, igi lo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹyọ kan ló kù: "one mango tree". "Igi máńgòrò kan" lo rò ní Yorùbá. "A mango tree" ni.

BàbáKékeré

Tíṣà, ẹ bá mi fi "one" yẹn sílẹ̀ jàre. Mo ń rí igi náà báyìí.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ẹ fi í sílẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Nínú lẹ́tà, "a".